Abala kọ́lájìn fún egbò: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tó yẹ kí ẹ dá padà sórí káńtà

Ẹni tó bá ní egbò ẹsẹ̀ tó ti lé lóṣù kan ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì tó ń fọ egbò náà kọ abala kọ́lájìn sínú ìwé fún un pé kó lọ rà á wá. Abala funfun pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n fi kọ́lájìn, púrótéènì kan tó wà nínú awọ àti iṣan ẹran, ṣe láti fi lé ojú egbò. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì kéré. Òun la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, irú èyí tí wọ́n dì ní yìnyín kí wọ́n tó fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Kì í ṣe oníjẹ́lì inú túùbù, kì í ṣe oníyẹ̀fun, kì í sì í ṣe kọ́lájìn tí àwọn ènìyàn ń pò mu nítorí awọ ojú. Ìyẹn ò bá ti egbò tan rárá.

Ká tó jìnnà, ìdájọ́ wa nìyí: ọjà gidi ni. Fún egbò tó mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa, àmọ́ tó ti dúró sójú kan tí kò fẹ́ kéré sí i mọ́, ó tó owó tí wọ́n ń pè é. Fún egbò tó ṣì ń ṣọyún, tó ní èépá dúdú lórí, tàbí tó wà lẹ́sẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, owó dànù ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo abala kò dọ́gba. Bí wọ́n ṣe dì í, bí wọ́n ṣe gbẹ ẹ́ àti bí wọ́n ṣe so àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ pọ̀ ló ń pinnu bóyá yóò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta lójú egbò tàbí yóò yọ́ tán kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kó wò lè dá èyí tí kò dáa mọ̀ kó tó kan egbò.

Lórí káńtà

Àpò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá jù lọ etí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí po. Bí ibì kan bá ti ṣí, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ dá a padà. Ohun tó ń ba abala yìí jẹ́ jù lọ ni ọ̀rinrin, ooru ò tó o. Kọ́lájìn tó gbẹ dáadáa lè fara da ooru tó ju 100°C lọ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán; àwọn tó ń ṣe é tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yan án bẹ́ẹ̀ kó lè lágbára. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn oṣù keje ní Ifẹ̀, tó kún fún omi, bá ráyè wọ inú àpò, ihò inú abala á máa wó pọ̀, kòkòrò á sì ríbi gbé. Ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára páálí o, àmọ́ àpò tó lu ni kí ẹ bẹ̀rù ju ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é pẹ̀lú, àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ ó rí àmì STERILE, lẹ́tà kan tàbí méjì á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: R túmọ̀ sí pé ìtànṣán ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, EO túmọ̀ sí pé gáàsì ni. Méjèèjì dára. Èyí tí kò ní àmì náà rárá, kò sí bí ẹni tó ń tà á ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ẹ tún máa rí nọ́ńbà 2 tí wọ́n fa igi dábùú: ẹ̀ẹ̀kan péré ni lílò rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun lè gé e sí méjì kí òun ta ìlàjì fún yín nítorí pé owó yín kò tó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Gbàrà tí àpò ti ṣí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tàbí nílé tí yóò mú kí ìlàjì tó kù padà mọ́. Kò ṣeé sè, nítorí omi gbígbóná á sọ ọ́ di jẹ́látìn, ìyẹn kọ́lájìn tí okùn rẹ̀ ti tú ká. Kò ṣeé fi spírítì nù.

Ẹran tí wọ́n ti yọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà lára páálí pẹ̀lú. Màlúù ló pọ̀ jù, ti ẹlẹ́dẹ̀ wà, ti ẹṣin wà, ti ẹja náà wà. Ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí àwọn ará Àdífẹ́ńtíìsì sì ti fìdí múlẹ̀ tipẹ́ bíi Ilé-Ifẹ̀, ẹ má fi ti ẹlẹ́dẹ̀ sí ẹsẹ̀ Bàbá tàbí Màmá ẹnikẹ́ni láìsọ fún wọn. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni láti mọ̀. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá ẹran màlúù máa ń yún wọn lára. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Nínú abọ́ omi iyọ̀

Ilé ìwòsàn tó bá ń ra páálí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó fi ẹyọ kan rúbọ. Owó ẹyọ kan yìí lè gba gbogbo ìyókù là.

Ẹ ṣí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo ojú méjèèjì. Abala tó dáa máa ń funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀, kì í dán, ihò rẹ̀ sì máa ń wẹ́ déédéé bí inú búrẹ́dì. Tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á wọlé díẹ̀, á sì tún fẹ́ padà. Ẹ wá ibi tó ń dán, tó le, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń kọjá lára rẹ̀: yìnyín yọ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ ẹ́. Ẹ wá ihò gbàgàdà kan ṣoṣo láàárín àwọn kékeré: wọn ò fa afẹ́fẹ́ inú omi kọ́lájìn jáde kí wọ́n tó dà á sáwo. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi fínígà, ásíìdì ṣì wà nínú rẹ̀, yóò sì ta aláìsàn lójú egbò.

Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé igun mẹ́rin tó jẹ́ 2 cm níhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ bu omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, ìyẹn 0.9%, sínú abọ́ tó mọ́, kí ẹ mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ dé 37°C, kí ẹ sì gbé abala náà lé e lórí láìtì í wọlé. Èyí tó dáa máa ń mu omi láti ìsàlẹ̀ wá: ẹ ó rí i tí funfun rẹ̀ ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, tí omi ń gun òkè, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara. Kò ní ká kò, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ní dín. Bó bá léfòó lórí omi pẹ́ tí òkè rẹ̀ ṣì gbẹ, á jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti dì bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Irú rẹ̀ kò ní mu omi egbò, ńṣe ni omi náà á gba ẹ̀gbẹ́ sá, tí á sì mú awọ etí egbò rà. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fi fọ́sẹ́ẹ̀sì mú igun kan gbé e sókè. Ó yẹ kó bá yín gòkè láìjá. Ẹ dá a padà sínú omi, ẹ bò ó, ó di ọjọ́ kejì. Tó bá ṣì wà lódindi lẹ́yìn wákàtí 24, bó tilẹ̀ ti rọ̀, ẹ ra èyí tó kù. Tó bá ti yọ́ tán nínú wákàtí àkọ́kọ́, jẹ́látìn ni wọ́n tà fún yín, tàbí kọ́lájìn tí wọn ò so okùn rẹ̀ pọ̀ dáadáa.

Ẹ fi pépà tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì (pH) kan omi ìgò tí ẹ ti rẹ èyí tó ṣẹ́ kù lára abala náà sí. Tí nọ́ńbà tó fi hàn bá ti lọ sísàlẹ̀ ju 5 lọ, ẹ má gbà á.

Àfi ohun kan ṣoṣo tó yí ìdánwò yìí padà. Àwọn abala tí wọ́n po kọ́lájìn mọ́ sẹ́lúlóòsì, bíi Promogran tó jẹ́ kọ́lájìn 55% àti sẹ́lúlóòsì 45%, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n kí wọ́n tètè di jẹ́lì bí wọ́n bá ti kan omi egbò. Ẹ má dá wọn lẹ́bi nítorí pé wọ́n rọ̀ nínú abọ́. Ti wọn ni kí ẹ wo bóyá ó di jẹ́lì kan náà déédéé, tí kò ní kókó.

Ohun tó fa ìyàtọ̀

Kọ́lájìn ni púrótéènì tó pọ̀ jù nínú ara ènìyàn àti ẹranko. Òun ló wà nínú awọ, òun náà ló wà nínú iṣan ẹsẹ̀ màlúù, irú èyí tó wà nínú bọ̀kọ́tọ̀. Iṣan dára jù awọ lọ fún iṣẹ́ yìí nítorí ọ̀rá rẹ̀ kéré, kò sì nírun. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kọ́sítíìkì sódà 0.1 M kó lè fa àwọn púrótéènì mìíràn jáde, wọ́n á ṣàn án mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n á gbé e sínú acetic acid 0.5 M, ásíìdì inú fínígà, pẹ̀lú pepsin, ẹ́ńsáìmù kan tó ń gé púrótéènì, nínú òtútù 4°C, fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Pepsin yìí ń gé orí àti ìdí okùn kọ́lájìn kọ̀ọ̀kan, níbi tí ara ènìyàn ti máa ń dá ti ẹranko mọ̀ jù. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń mú kọ́lájìn náà dì jáde kúrò nínú omi. Wọ́n á tún un yọ́, wọ́n á sì dà á sínú àpò tín-ín-rín tí ásíìdì àti iyọ̀ lè gbà kọjá tí kọ́lájìn kò lè gbà kọjá, kí wọ́n tó fi omi mímọ́ pààrọ̀ omi òde rẹ̀ léraléra. Ibi tí wọ́n bá ti kánjú nídìí pípààrọ̀ omi yìí ni òórùn fínígà ti ń wá.

4°C yẹn kò ṣeé fi ṣeré. Kọ́lájìn màlúù tó wà nínú omi ásíìdì máa ń tú ká ní nǹkan bí 40°C, ti ẹja epìyà ní nǹkan bí 35°C, ti ẹja inú òkun olótùútù kò tilẹ̀ tó 20°C. Tí iná bá lọ tí fíríìjì sì gbóná, ohun tó kù nínú ike lè ti di jẹ́látìn, ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Yóò dì, yóò gbẹ, yóò funfun, yóò wọ páálí. Omi iyọ̀ 37°C ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Omi kọ́lájìn tí wọ́n ń dà sáwo kì í ki ju 0.5% sí 1% lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: àwo tó jẹ́ 10 cm níbùú, 10 cm lóròó, tí wọ́n da omi 0.5% sí dé gíga 5 mm, mílílítà 50 ló gbà. Kọ́lájìn inú mílílítà 50 náà jẹ́ gíráàmù 0.25, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù gbogbo abala náà, tó ju 99% lọ, ihò ni. Nítorí náà, iṣẹ́ tí wọ́n fi dá ihò náà sí gan-an lẹ ń sanwó fún.

Ihò ọ̀hún, yìnyín ló ń dá a. Bí omi inú àwo ṣe ń dì, yìnyín ń ti kọ́lájìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kọ́lájìn sì ń di ògiri tín-ín-rín láàárín wọn. Tí yìnyín bá lọ, àyè rẹ̀ ló kù. Tí wọ́n bá dì í kíákíá, yìnyín á kéré, ihò á kéré jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ ẹran tuntun kò ní rí ọ̀nà wọlé. Tí wọ́n bá fà á gùn jù, ihò á tóbi, abala á sì máa já. Fún awọ, èyí tó wà láàárín 20 sí 120 máíkírómítà ni wọ́n ń wá, ohun tó sì ń mú kó dọ́gba ni kí òtútù máa lọ sílẹ̀ ní bíi 1°C ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé −40°C. Dìpfírísà tí a fi ń tọ́jú ẹran nílé kò lè ṣe èyí. Apá tó bá kan ògiri rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dì, àárín ló ń gbẹ̀yìn, ihò á sì gùn lápá kan, á kúrú lápá kejì.

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́ á fa afẹ́fẹ́ títí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi kù bíi 0.1 mbar. Bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bá ti wà lábẹ́ 6.1 mbar, omi ò lè dá wà bí omi mọ́. Láti yìnyín ló ti ń di oru omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ibi tó tutù ju −50°C lọ nínú ẹ̀rọ náà á sì gbá oru omi ọ̀hún mú. Èyí máa ń gbà tó ọjọ́ kan sí méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ooru rẹ̀ sókè dé 25°C tàbí 30°C fún wákàtí mélòó kan kí omi tó ṣẹ́ kù sára okùn lè lọ. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń rí ní agbègbè wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kí iná lọ ní àárín iṣẹ́ yìí fún ogún ìṣẹ́jú ti pọ̀ jù. Ohun tó ń fa afẹ́fẹ́ dúró, ohun tó ń mú tutù dúró, yìnyín tó kù yọ́ sínú ihò tó ti ṣófo, ògiri kọ́lájìn wó lé ara wọn. Bí iná bá padà dé, ẹ̀rọ á tún gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa jáde níbẹ̀ á le, á sì máa dán. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ wá ibi tó ń dán.

Lẹ́yìn gbígbẹ ni síso okùn pọ̀. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni ooru: 105°C fún wákàtí 24 níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, láìfi kẹ́míkà kankan sí i. Àmọ́ abala gbọ́dọ̀ ti gbẹ porongodo ṣáájú. Omi díẹ̀ tó bá kù, jẹ́látìn dé. Àwọn mìíràn ń lo kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní EDC, tó ń mú kí abala lágbára jù ti ooru lọ, tí a sì lè fi omi ṣàn kúrò. Glutaraldehyde, kẹ́míkà mìíràn, lágbára ju gbogbo wọn lọ, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n èyí tó bá kù sára abala máa ń pa sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá ní láti yan, a ò ní mú un fún egbò. Ìparí iṣẹ́ ni ìtànṣán gámà tó ń pa kòkòrò, ìwọ̀n 25 kGy ni wọ́n sábà máa ń lò, òun náà sì ń gé okùn kọ́lájìn díẹ̀. Abala tí wọn ò so dáadáa lè dúró nínú abọ́ kí wọ́n tó tan gámà sí i, kó sì yọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ti inú páálí jáde ni kí ẹ dán wò, ẹ má gba èyí tí aṣojú ilé iṣẹ́ mú wá lọ́tọ̀.

Lójú egbò

Ìparun owó tó pọ̀ jù kì í ti ilé iṣẹ́ wá. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ló ń fà á.

Kí ẹ tó ra abala fún egbò ẹsẹ̀, kí ẹnì kan kọ́kọ́ wá ìlù ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀ ti inú. Tí kò bá rí i, kí wọ́n wọn ìfúnpá kókósẹ̀ kí wọ́n fi wé ti apá. Bí ti ẹsẹ̀ bá wà lábẹ́ 0.9 ti apá, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há. Lára àwọn onítọ̀ ṣúgà, nọ́ńbà yìí lè ga ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ti le, nítorí náà kí nọ́ńbà tó dáa má fi dókítà lọ́kàn balẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, kò sí abala tó lè jinná rẹ̀.

Ẹran òkú gbọ́dọ̀ kúrò, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó sì ti wá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń sun díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò burú, kọ́lájìn fúnra rẹ̀ máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó ń tú ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró. Omi iyọ̀ 0.9% ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Síríńjì 35 mL pẹ̀lú abẹ́rẹ́ 19G máa ń ti omi jáde pẹ̀lú agbára tó lè gbá ìdọ̀tí kúrò láìba ẹran tuntun jẹ́. Eusol, omi oníkílórínì tí wọ́n fi ń fọ egbò, àti haidirójìn pẹrọ́ksáìdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ń jẹ ẹran tuntun, wọ́n sì ń jẹ abala náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti ń fi ìbẹ́pẹ dúdú yọ ẹran òkú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, kí wọ́n parí rẹ̀, kí wọ́n fọ egbò náà dáadáa, kí abala tó wọlé. Papain inú ìbẹ́pẹ kò mọ púrótéènì òkú yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó rà.

Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn egbò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹ gé abala náà kó bá egbò mu, kó má gorí awọ tó dáa jù mílímítà díẹ̀ lọ. Egbò tó ń ṣomi, ní gbígbẹ ni kí ẹ fi lé e. Egbò tó gbẹ, ẹ kọ́kọ́ kán omi iyọ̀ sí abala títí yóò fi rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fara kan ìsàlẹ̀ egbò níbi gbogbo. Ibi tó bá léfòó kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tí kì í lẹ̀ mọ́ ara bò ó, kí ẹ wá gbé gọ́ọ̀sì tó nípọn tàbí fóòmù lé e, kí bándéèjì kẹ́yìn.

Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé, nínú egbò tó ti pẹ́, àwọn ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní MMP máa ń pọ̀ jù, wọ́n sì máa ń jẹ ẹran tuntun bó ṣe ń yọ. Abala kọ́lájìn ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn jẹ. Nítorí náà, bó bá ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Gọ́ọ̀sì òde ni kí ẹ máa pààrọ̀ bó bá ti rin. Abala inú ń dúró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àwọn kan sì wà tí wọ́n kọ sára wọn pé wọ́n lè dé ọjọ́ 7.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù nìyí o. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i lọ́jọ́ kẹta, wọn á bá jẹ́lì aláwọ̀ ìyeyè tàbí ràkọ̀ràkọ̀ tó ní òórùn díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á pè é ní ọyún, á fi gọ́ọ̀sì ha á dànù, á sì ha ẹran tuntun mọ́ ọn. Kọ́lájìn tó ti ṣiṣẹ́ tán ni jẹ́lì yẹn. Omi iyọ̀ lásán máa gbá èyí tó fẹ́ lọ kúrò, ẹ fi èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ara sílẹ̀, kí ẹ gbé tuntun lé e. Bí òórùn burúkú bá ṣì ń jáde lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tán, tí ìrora ń pọ̀ sí i, tí etí egbò gbóná, tó sì pọ́n yí ká, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ẹ dá abala dúró. Pípọ́n tó bá ti ju 2 cm lọ kúrò létí egbò, pàápàá lẹ́sẹ̀ onítọ̀ ṣúgà, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà.

Abala lásán kò pa kòkòrò. Èyí tó ní fàdákà wà fún egbò tí kòkòrò ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, kí wọ́n tún egbò wò kí wọ́n tó pinnu bóyá kó máa lọ. Owó fàdákà lórí egbò tó mọ́, a kò rí ìdí rẹ̀. Iná tó jó wọnú dé ìsàlẹ̀ awọ, abala yìí kọ́ ni tirẹ̀. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ Integra, oníkọ́lájìn alápá méjì tí Yannas àti Burke ṣe, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1996 fún àwọn tí iná jó. Ìyẹn, yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń lò ó.

Ní ti ẹ̀rí, a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àlá tà á fún yín. Ní 2002, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ènìyàn 276 tó ní egbò ẹsẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, egbò 37% nínú àwọn tó lo Promogran ti jinná, ti àwọn tó lo gọ́ọ̀sì olómi iyọ̀ jẹ́ 28%. Ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì. Lára àwọn tí egbò wọn kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ó jẹ́ 45% sí 33%. Ohun tí a rí mú níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá máa lò ó, ẹ tètè lò ó, kí ẹ má fi ṣe ohun ìgbẹ̀yìn lẹ́yìn tí egbò ti pé ọdún. Ẹ̀kejì, bí egbò kò bá dín kù dé ìdajì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ dáwọ́ ìnáwó náà dúró kí dókítà tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Nǹkan mìíràn ló ń dí i lọ́wọ́: ṣúgà tó ga, bàtà tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ wíwú tí wọn ò dì, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde.

Owó rẹ̀ ga ju ti gọ́ọ̀sì lọ fíìfíì bí a bá fi ẹyọ wé ẹyọ. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń ti Ìpetumodù tàbí Ifẹ̀wàrà wá fọ egbò ní Ifẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí tó ń ti Òṣú lọ Iléṣà, owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, owó fífọ, gọ́ọ̀sì, àti ọjọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń sìn ín lọ. Bí abala bá sọ ìrìn méje di méjì tàbí mẹ́ta, àyè tó wà láàárín iye méjèèjì á dín kù gan-an. Fún ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, tí egbò rẹ̀ kéré, tó mọ́, tó sì ń jinná bọ̀, gọ́ọ̀sì olómi iyọ̀ ti tó o. Kó fi owó náà jẹun tó dáa, kí ẹyin àti ẹja má wọ́n nínú abọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí ṣíṣe é ní ilẹ̀ wa níbí. Ohun tí a fi ń ṣe é wà níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran lọ́dọ̀ wa, yàrá ìwádìí sì wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ìwòsàn ńlá tirẹ̀ wà ní Ifẹ̀ àti ní Wesley Guild ní Iléṣà. Ó ṣeé ṣe, a sì fẹ́ kó ṣeé ṣe. Àmọ́ awọ tí wọ́n ti wi lórí iná fún pọ̀nmọ́ kò ṣeé lò, ooru ti sọ ọ́ dà. Iṣan tí dókítà ẹran ti fọwọ́ sí ni, láti ara ẹran tí wọ́n mọ ibi tó ti wá, kó sì wọ yìnyín láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n pa á. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́ nílò bátìrì àti sólà tó lè gbé e fún ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ̀rọ gámà wà ní Sheda lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá, abala sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú àpò àlẹ̀pa kó tó dé ibẹ̀. Àwọn ìdánwò inú ISO 10993, ìlànà àgbáyé fún ohun ìwòsàn tó ń kan ara, ló tẹ̀ lé e, láti mọ̀ pé kò pa sẹ́ẹ̀lì, kò sì mú ara yún, kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ NAFDAC. Ẹni tó bá ń ṣe é ní yàrá ìwádìí láìtíì ní nọ́ńbà wọn, inú abọ́ àti ara eku ni kó ti máa dán an wò. Kó má tíì gbé e dé ẹsẹ̀ ènìyàn.